Enduro: Eré Ìje tí Kò Lópin

Àwọn kan gbà pé eré orí tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí lámèétọ́ máa fi ojú sí. Lójú tiwọn, ìṣeré ọmọdé lásán ni. Bí ẹ̀rọ tuntun bá sì ti dé, kí a kó ti àtijọ́ dànù. Èrò tèmi yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi Enduro ṣe àpẹẹrẹ, eré ìje ọkọ̀ tí Larry Miller ṣe fún ilé-iṣẹ́ Activision ní ọdún 1983.

Ẹ̀rọ Atari 2600, tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1977, ni wọ́n ṣe é fún. Ibi ìrántí inú ẹ̀rọ yìí kò ju báìtì 128 lọ: bí ó bá jẹ́ pé lẹ́tà ni a fẹ́ kó sí i, ìpínrọ̀ kúkurú kan kò ní í gbà á tán. Kò tilẹ̀ lè tọ́jú odindi àwòrán kan. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni ó ń yà sójú tẹlifíṣọ̀n.

Ní ọjọ́ kìíní, awakọ̀ gbọ́dọ̀ kọjá ọkọ̀ 200 kí ilẹ̀ tó mọ́. Láti ọjọ́ kejì lọ, 300 ni. Bí ó bá kọ lu ọkọ̀ mìíràn, kò kú. Eré tí ó ń sá ni yóò dín kù. Bí wọ́n bá sì kọjá rẹ̀, gbèsè ọrùn rẹ̀ tún lé sí i. Yìnyín yóò bo ilẹ̀, ọ̀nà yóò máa yọ̀, oòrùn yóò wọ̀, kùrukùru yóò sì dí i lójú. Lóru, ara àwọn ọkọ̀ yòókù a pòórá, iná ẹ̀yìn wọn nìkan ni a ó máa rí. Ojú inú wa ni ó ń fi ọkọ̀ kún un.

Nítorí náà, àkókò ni ọ̀tá awakọ̀, kì í ṣe àwọn ọkọ̀ náà. Kò sí ibi tí ọ̀nà parí sí, kò sì sí ẹni tí ó gba ipò kìíní. Ẹni tí ó bá san gbèsè òní yóò rí àsíá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, gbèsè mìíràn ti dé. Iye ọjọ́ náà ni Activision fi ń díwọ̀n akọni nígbà náà: ẹni tí ó bá wakọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, tí ó sì fi fọ́tò ojú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́, a máa gba àmì-ẹ̀yẹ aláṣọ.

Àbùkù rẹ̀ kò farasin. Nídìí ayò, ọ̀ta àti òpè jọ ń dojú kọ ara wọn ni, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì jẹ́ ara eré. Nínú Enduro, awakọ̀ dá wà. Àwọn tí ó ń kọjá kò ju òǹkà lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, a ti rí gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí mo tún padà sídìí rẹ̀ láìpẹ́ yìí, àyà mi ṣì ń já bí ilẹ̀ ti ń ṣú tí ọkọ̀ púpọ̀ sì kù. A máa ń yin akéwì tí ó fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ ohun púpọ̀. Ìyìn kan náà tọ́ sí Miller, ó sì yẹ kí àwọn tí ń tọ́jú ìwé àti àwo orin àtijọ́ fi irú iṣẹ́ báyìí kún ẹrù wọn kí ó tó ṣègbé.