Àwo Tó Kọ́kọ́ Wọ̀ Mí Lọ́kàn

Àwo orin tó kọ́kọ́ wọ̀ mí lọ́kàn ni Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde lọ́dún 1982 lọ́dọ̀ Island Records. Orin méje ló wà nínú rẹ̀. Mo rí àléébù kan níbẹ̀. Nínú àwọn àwo jùjú tí wọ́n ń ṣe fún wa nílé, orin lè gba odidi ojú àwo kan láìdánudúró. Nínú èyí, wọ́n gé orin kúrú nítorí àwọn ará òkè òkun. Òmíràn kò tíì wọ ni lára tó fi tán.

Síbẹ̀, wọn kò gé ahọ́n ìlù. Gìtá tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ orin ìgbèríko ní Amẹ́ríkà, ń fa ohùn gùn bí ẹni tó ń sun rárà. Gángan sì ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nínú “Ja Funmi”, orí rẹ̀ ni olórin ń bẹ̀ pé kó jà fún òun. Àjèjì lè jó o dáadáa láìmọ ìyẹn. Bí àwa ọmọ ilé-ìwé kò bá kọ́ èdè wa, bẹ́ẹ̀ náà la ó ṣe máa jó o.