Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ àti Ẹni tí Ó Parí Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí; bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Ìyìn ni òwe yìí jẹ́ fún ẹni tí ó ní òye. Ṣùgbọ́n, ìwọ òǹkàwé, ǹjẹ́ o ti rò ó rí pé ẹni tí ó mọ̀ dájú pé ìwọ ni yóò parí ọ̀rọ̀ náà lè fi ọgbọ́n yan àbọ̀ tí yóò fi lé ọ lọ́wọ́? Odidi tí yóò dà nínú rẹ yóò jẹ́ èyí tí òun ń fẹ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò lè wí pé láti ẹnu rẹ̀ ni ó ti jáde. Irú àbọ̀ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín. Ní ọdún 1964, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ dìbò yan Ààrẹ, a fi ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán sọ ọ́ fún wọn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì sanwó láti fi í hàn; síbẹ̀ a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di òní.

Àwọn méjì ni ó ń du ipò náà ní pàtàkì. Ọ̀kan ni Lyndon Johnson ti ẹgbẹ́ Democratic, ẹni tí ó gorí àléfà ní oṣù kọkànlá ọdún 1963, nígbà tí wọ́n yìnbọn pa Ààrẹ Kennedy. Èkejì ni Barry Goldwater ti ẹgbẹ́ Republican, aṣòfin àgbà láti ìpínlẹ̀ Arizona. Goldwater kì í fi ọ̀rọ̀ bò. Ó ti wí ní gbangba pé ó yẹ kí olórí ogun NATO ní Yúróòpù ní àṣẹ láti lo àwọn bọ́ǹbù átọ́míìkì kéékèèké bí ọ̀ràn bá di kánjúkánjú. Ní ọdún 1963 bákan náà, ó dìbò tako àdéhùn tí Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ ṣe, pé àwọn kò ní dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò mọ́ nínú afẹ́fẹ́ tàbí lábẹ́ omi. Ọ̀rọ̀ àti ìṣe wọ̀nyí ti mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn máa kọminú sí i.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án ọdún 1964, àwọn ènìyàn jókòó nínú ilé wọn, wọ́n ń wo sinimá kan tí a fi ìtàn Dáfídì àti Bátíṣébà ṣe, èyí tí ilé-iṣẹ́ NBC ń fi hàn. Láàárín rẹ̀ ni ọmọdébìnrin kékeré kan yọ, tí ó dúró nínú pápá, tí ó mú òdòdó kan lọ́wọ́. Ó ń já ewé òdòdó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kà wọ́n. Ó ka méje ṣáájú mẹ́fà, ó tún mẹ́fà kà lẹ́ẹ̀mejì, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé ti í ṣe. Bí ó ti dé orí mẹ́sàn-án, ohùn líle ti ọkùnrin kan gba kíkà náà mọ́ ọn lẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí mẹ́wàá, ó ń kà á bọ̀ wá sílẹ̀. Ọmọ náà gbójú sókè. Àwòrán sún mọ́ ọn títí ẹyinjú rẹ̀ kan fi bo gbogbo ojú ẹ̀rọ náà, tí ó sì di dúdú. Bí kíkà náà ti parí, bọ́ǹbù átọ́míìkì bú gbàmù, iná àti èéfín sì rú sókè. Nígbà náà ni a gbọ́ ohùn Johnson, tí ń kìlọ̀ pé bí kò bá sí ìfẹ́ láàárín aráyé, ikú ni yóò kù. Ohùn mìíràn wá tẹ̀lé e, ó ní kí ènìyàn dìbò fún Johnson ní ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá, nítorí pé ọ̀ràn náà tóbi ju èyí tí a ó fi jókòó sílé lọ.

Ó tán. Bí o bá yẹ ìpolówó náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, o kò ní rí orúkọ Goldwater níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni o kò ní rí àwòrán rẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó sọ. Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ó ṣe ìpolówó yìí lu ìlù wọn, wọ́n sì fi ijó jíjó sílẹ̀ fún àwọn òǹwòran. Tony Schwartz, ọ̀kan nínú àwọn tí ó lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ náà, kọ ìwé kan ní ọdún 1973, nínú èyí tí ó ti ṣàlàyé pé ohun tí ó ti wà nínú olùgbọ́ tẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń ru sókè, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà gbé ohun titun wọ inú rẹ̀.

Kí ni ó ti wà nínú wọn tẹ́lẹ̀? Ẹ̀rù ni. Wọ́n mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Hiroshima àti Nagasaki ní ọdún 1945. Wọn kò sì tí ì gbàgbé oṣù kẹwàá ọdún 1962, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ara wọn nítorí àwọn ohun ìjà tí Rọ́ṣíà kó sí Kúbà. A ti kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé wọn bí wọn yóò ti sá sábẹ́ tábìlì bí bọ́ǹbù bá dé. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, a sá. Nítorí náà, àwòrán bọ́ǹbù kan ṣoṣo ti tó láti mú ẹ̀rù náà dìde, ẹ̀rù náà sì wá ẹni tí yóò dà lé lórí fúnra rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn òǹwòran ti ṣe sí i. Bill Moyers, tí ó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ Johnson nígbà náà, ti sọ pé tẹlifóònù kò sinmi ní ilé Ààrẹ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Republican gbaná jẹ. Dean Burch, alága ẹgbẹ́ wọn, fi ẹjọ́ ìpolówó náà sùn, wọ́n sì ń wí pé wọ́n ti sọ ẹni àwọn di apànìyàn. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n kíyè sí ohun tí ìbínú wọn ṣe: orúkọ tí ìpolówó náà kò dá, àwọn ni ó dá a ní gbangba. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn sì gbé ìpolówó náà jáde lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi ohun tí ń fa àríyànjiyàn hàn, ìwé ìròyìn Time sì fi àwòrán ọmọ náà sí èèpo ìwájú rẹ̀ ní oṣù kan náà. Báyìí ni ohun tí a sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò wo sinimá ní alẹ́ ọjọ́ náà rárá.

Kí ni ìdájọ́ tiwa? Kò yẹ kí a sọ pé irọ́ pátápátá ni. Ó tọ́ kí àwọn olùdìbò béèrè irú ẹni tí àwọn ń fi bọ́ǹbù átọ́míìkì lé lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu Goldwater fúnra rẹ̀ ni ó sì fa ìbéèrè náà. Bí ó bá jẹ́ pé ìpolówó náà ti gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ síwájú gbangba, Goldwater ì bá ṣàlàyé ara rẹ̀, àwọn ènìyàn ì bá sì fi ọgbọ́n yan èyí tí ó tọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè fèsì ẹ̀sùn tí a kò fi ẹnu sọ? Bí ó bá wí pé, “Èmi kọ́ ni apànìyàn náà,” a ó bi í pé, “Ta ni ó pè ọ́ bẹ́ẹ̀?” Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Níhìn-ín ni àléébù ìpolówó náà wà: ó sọ àwọn òǹwòran di adájọ́, kò sì pe ẹlẹ́rìí kankan fún wọn.

Àléébù kejì wúwo ju èyí lọ, ti àwọn òǹwòran sì ni. Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo wọn ń bi ara wọn bóyá Goldwater yóò jagun, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó béèrè ohun tí Johnson yóò ṣe. Bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 1964, oṣù kan gééré ṣáájú ìpolówó náà, ìgbìmọ̀ aṣòfin ti fún Johnson ní àṣẹ láti lo agbára ogun ní Vietnam. Àwọn aṣòfin àgbà méjì péré ni ó dìbò lòdì sí i. Nígbà tí ìbò dé, Johnson borí ní ìpínlẹ̀ 44 nínú 50. Kì í ṣe ìpolówó náà ni ó gbé e wọlé, nítorí ó ti ṣáájú jìnnà kí a tó fi í hàn. Ní oṣù kẹta ọdún 1965 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí rọ òjò bọ́ǹbù léraléra sórí Àríwá Vietnam, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ sì gúnlẹ̀ sí Da Nang. Nígbà tí ó fi di ọdún 1968, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó wà níbẹ̀ ti ju 500,000 lọ. Kí ogun náà tó parí, ó pa àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ju 58,000 lọ, àwọn ará Vietnam tí ó kú sì pọ̀ ju wọn lọ fíìfíì. Bọ́ǹbù átọ́míìkì kò bú, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n yàn nítorí àlàáfíà ni ó fi ogun ránṣẹ́ sí wọn. Nígbà tí ẹ̀rù bá ti kó gbogbo ojú wa sí apá kan, ohun tí ń bọ̀ láti apá kejì kì í pẹ́ débi.

Ìwọ òǹkàwé, ọjọ́ ń bọ̀ tí ìwọ náà yóò dìbò. Àwọn tí ń wá ipò yóò fi àwòrán, orin àti ẹkún ọmọdé bá ọ sọ̀rọ̀. Má ṣe sá fún wọn, má sì ṣe fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n nígbà tí àyà rẹ bá já, tàbí tí inú rẹ bá ru, dúró díẹ̀ kí o bi ara rẹ léèrè: Èwo nínú èyí ni wọ́n sọ fún mi, èwo sì ni mo fi kún un fúnra mi? Kí ni ẹni tí wọ́n ń bú rí sọ? Kí ni ẹni tí ń bú u kò fẹ́ kí n béèrè lọ́wọ́ òun? Lóòótọ́, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí a máa wo ẹnu tí àbọ̀ náà ti jáde wá kí ó tó jẹ́ kí ó di odidi.