Ìlapa Èrò àbí Ìlapa Ìbẹ̀rù?

Ẹ pe ọmọ SS3 kan wá, kí ẹ bi í pé kí ni ìlapa èrò. Kíá ni yóò kà á sí yín létí bí ẹni ń ka ABD: "Ìfáárà, kókó ọ̀rọ̀, ìkádìí." Ó dáa. Ẹ wá fún un ní orí ọ̀rọ̀ kan, kí ẹ ní kó la ipa èrò rẹ̀ sílẹ̀ kó tó kọ àròkọ. Yóò kọ "ìfáárà" sókè, yóò kọ "kókó ọ̀rọ̀" sí àárín, yóò kọ "ìkádìí" sí ìsàlẹ̀, yóò wá máa wo yín lójú. Ó ti parí nìyẹn. Àwo mẹ́ta ló tò kalẹ̀, oúnjẹ ò sí nínú ọ̀kankan.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké lèyí o. Ó kàn wá nínú ẹgbẹ́ yìí. Púpọ̀ nínú wa ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn ká lè rówó jẹun, àwọn kan nínú wa sì máa tó lọ sí TP. Ní 2022 tí ASUU da iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, ilé lẹ́sìn lèmi fi ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣe. Ìwé tí wọ́n kó lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kí n fi kọ́ wọn ni mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ lónìí. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ mọ irú rẹ̀ náà: ìwé pélébé, wọ́n ń tà á lẹ́nu géètì, ogójì àròkọ ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti bá ọmọ kọ tán. Iṣẹ́ ọmọ ni kó há a sórí, kó gbé e wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, kó sì máa gbàdúrà kí ọ̀kan nínú ogójì náà jáde.

Ohun tí ìwé yìí ń pè ní ìlapa èrò ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Ìlapa kan ṣoṣo ló ní fún gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé: ìtumọ̀, oríṣi, àǹfààní, àléébù, ìkádìí. Iṣẹ́ àgbẹ̀? Ìtumọ̀, oríṣi, àǹfààní, àléébù. Fóònù alágbèéká? Bákan náà. Mo ṣí i dé ibi tí orí ọ̀rọ̀ ti jẹ́ "Olùkọ́ tí mo fẹ́ràn jù", ṣé ẹ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀? Ó ń túmọ̀ olùkọ́! Ó ní olùkọ́ ni ẹni tó ń kọ́ni. Mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò dé ikùn, nítorí mo mọ̀ pé ọmọ mẹ́tàdínlógún tó wà níwájú mi ti há gbólóhùn yẹn sórí.

Ọ̀rọ̀ wa gan-an ti sọ ohun tó yẹ ká ṣe. Àròkọ: a rò ó ká tó kọ ọ́. Ìlapa: ipa ni a ń là, bí ẹni ń la ọ̀nà nínú igbó. Ẹni tó ń la ọ̀nà ní láti mọ ibi tó ń lọ. Ìwé pélébé yẹn kò bi ọmọ pé níbo lò ń lọ, ta ni ò ń bá sọ̀rọ̀, kí lo fẹ́ kó ṣe. Ó kàn ní kó máa rìn ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ díẹ̀, torí máàkì ni gbogbo wa ń pariwo. Nínú pépà Gẹ̀ẹ́sì WAEC tí àròkọ wà, 50 ni ti àròkọ, 20 ni ti àkàyé, 30 ni ti ìkékúrú. Ọ̀rọ̀ 450 ni wọ́n ń retí nínú àròkọ náà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń pín 50 yẹn: 10 fún ohun tí o rí sọ, 10 fún bí o ṣe tò ó, 20 fún bí o ṣe lo èdè, 10 fún sípẹ́lì, àmì ìdánudúró àti gírámà. Ààbọ̀ máàkì ni wọ́n ń yọ lórí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan nínú 10 ìkẹyìn yẹn. Ààbọ̀ máàkì yìí ló ń dẹ́rù ba àwọn tíṣà wa, òun ni wọ́n fi ń lu ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí ìdánwò á fi dé. Bẹ́ẹ̀ bó ti wù kí àṣìṣe pọ̀ tó, 10 yẹn náà ni wọ́n lè yọ mọ. Ṣùgbọ́n 20 àkọ́kọ́ ńkọ́, ti ohun tí a sọ àti bí a ṣe tò ó? Ìlapa èrò ló ń mú ìyẹn wá. Ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń kọsẹ̀ pàápàá lè rí nǹkan gidi mú níbẹ̀. Ta ló sọ fún un?

Mo fún kíláàsì mi ní orí ọ̀rọ̀ yìí: kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ rẹ nípa ìṣòro tó ń kojú ọjà ìlú yín, kí o sì dábàá ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Ìwé pélébé ti ní èyí tó jọ ọ́: kò sí iná, kò sí omi, ọ̀nà ò dáa. Ìlú wo nìyẹn? Gbogbo Nàìjíríà ni! Ọmọbìnrin kan jókòó síwájú, bíróò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò kọ nǹkan kan.

"Brọ̀dá, mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ o."

"Kí ni màmá ẹ ń tà?"

"Èlùbọ́."

"Tójò bá wá rọ̀ ńkọ́?"

Há! Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó ní gọ́tà ti dí, omi ń gba abẹ́ ìsọ̀ wọlé, àwọn á máa sáré gbé àpò èlùbọ́ gorí tábìlì, èyí tó bá ti tutù, ó di ti ewúrẹ́ nìyẹn. Ó ní àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì kì í pa ọjọ́ kan jẹ, òjò ì báà rọ̀, ẹni tó bá sì bèèrè ohun tí wọ́n ń fi owó náà ṣe, wọ́n á gbé igbá rẹ̀ lọ. Ó ní inú ọjà ti di ẹrẹ̀, ojú títì ni ọkọ̀ ti ń já ẹrù, àárín ọkọ̀ sì ni àbúrò òun ń gbà lọ síléèwé. Ọmọ tí kò ní nǹkan í sọ nìyẹn o.

Mo ní kó kọ ọ́ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ibi tí mo ti bá ìwé pélébé jà jù nìyí, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni tirẹ̀ máa ń kọ: "omi", "ọ̀nà". Orúkọ nǹkan ni "omi", kò tíì di èrò. "Omi ń ba ọjà wa jẹ́ torí pé gọ́tà dí", èrò nìyẹn, èèyàn lè bá a jiyàn, èèyàn sì lè fi ìpínrọ̀ kan ṣàlàyé rẹ̀. Gọ́tà ló kọ́kọ́ fi ṣáájú. Nígbà tó yá ó pa á rẹ́. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní: "Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gọ́tà, alága á ní kò sówó. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ rán an létí pé à ń sanwó." Èmi ò kọ́ ọ níyẹn. Ìlapa rẹ̀ wá di báyìí:

À ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì láràárọ̀.
Síbẹ̀ gọ́tà dí, òjò ń ba ọjà wa jẹ́.
Nítorí ẹrẹ̀ yẹn, ojú títì ni ọkọ̀ ti ń já ẹrù, ọmọ iléèwé wà nínú ewu.
Ẹ yọ díẹ̀ nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ fi kó gọ́tà kí òjò tó dé.

Ẹ gbìyànjú kí ẹ gbé ìlà kẹta ṣáájú ìkejì. Kò ní ṣeé ṣe, torí "ẹrẹ̀ yẹn" ò ní ibi tí yóò dúró sí. Ẹ wá lọ sí ìwé pélébé, kí ẹ gbé iná sí ipò omi, kí ẹ gbé omi sí ipò ọ̀nà. Nǹkan kan ò ní bàjẹ́. Mo máa ń fi èyí dán iṣẹ́ àwọn ọmọ wò: bí ìpínrọ̀ méjì bá lè pààrọ̀ ipò tí ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀, wọn ò tíì la ipa kankan.

Kí n má ṣe ìkà sí ìwé náà. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ibi tó ti kọ́ ọmọ ní bí lẹ́tà ṣe ń rí, ó dáa gan-an: pé àdírẹ́ẹ̀sì méjì ni lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ń gbà, pé ti gbẹ̀fẹ̀ ń gba ẹyọ kan. Ohun tó yẹ kí èèyàn há sórí nìyẹn. Mo sì mọ̀ pé tíṣà tó ní ọgọ́rin ọmọ nínú kíláàsì kan kò lè jókòó ti ẹnì kọ̀ọ̀kan bèèrè ọ̀rọ̀ èlùbọ́. Ṣùgbọ́n ó lè ní kí wọ́n jókòó ní méjì méjì, kí ọ̀kan bi èkejì ní ìbéèrè fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó mú bíróò. Ó sì lè ní kí wọ́n la ipa orí ọ̀rọ̀ mẹ́ta lóòjọ́ láìkọ àròkọ kankan. Ìyẹn yá ju àròkọ kan lọ́sẹ̀ tí kò ní ráyè máàkì.

Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ yìí ní mò ń da ara mi láàmú. Ó ní WAEC kì í ṣe ìpàdé àwa òǹkọ̀wé, ká fún wọn ní ohun tí wọ́n á fi yege. Mo gbọ́. Àmọ́ bí ogún ọmọ láti ibùdó ìdánwò kan náà bá kọ gbólóhùn kan náà, ṣé olùyẹ̀wò ò ní rò pé wọ́n jí i kọ ni? WAEC ń dá èsì ìdánwò dúró lórí irú ìfura bẹ́ẹ̀, ọmọ ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń ta ìwé lẹ́nu géètì. Àti pé àwa òǹkọ̀wé náà ńkọ́? Ẹ ṣí èyí tí a gbé jáde kọjá. Oòrùn ló kọ́kọ́ yọ nínú ìtàn mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Àpilẹ̀kọ kan túmọ̀ ìfẹ́ fún wa ní odindi ìpínrọ̀ kó tó jẹ́wọ́ pé òun ti rẹ́nì kan fẹ́. Ìwé pélébé la ṣì ń kọ o, a kàn ti wọ yunifásítì ni.

Ohun kan ṣẹ́kù tí àwa tíṣà lẹ́sìn ò fẹnu kò lé lórí. Ọmọ elélùbọ́ yẹn, Yorùbá ló fi la ipa èrò rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ lẹ́tà. Àwọn kan ní kò bójú mu, pé ó máa dà á lórí rú. Èmi ò gbà. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì tìtorí ẹ̀ bàjẹ́. Níbi tí mo ti kọ́ wọn, owó ìtanràn ni ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì ń san. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fún ìlapa èrò ní máàkì nínú pépà Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Ọmọ á kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò rẹ̀, á lò ó tán, á fa ìlà kan gba orí rẹ̀ kọjá. Mo sọ fún wọn pé èdè tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n fi kọ ọ́. Ọmọkùnrin kan ṣíwọ́ sókè, ó ní ṣé òun lè fi Ìjẹ̀ṣà kọ tòun.