Àga Tí Atẹ́gùn Lè Gbé Lọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi àwòrán àga kan han káfíńtà tó ń bá mi tún ilẹ̀kùn ṣe ní Ẹrúnmu níbí. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ta ló máa sanwó fún àga tí atẹ́gùn lè gbé lọ?” Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀.

Superleggera ni wọ́n ń pe àga náà. Gio Ponti, ayàwòrán-ilé ará Milan, ló yà á. Ilé-iṣẹ́ Cassina gbé e jáde ní 1957. Kílò 1.7 péré ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ní igun mẹ́ta, kò nípọn ju mìlímítà 18 lọ. Ìjókòó rẹ̀, pankẹ́rẹ́ híhun ni. Ẹ má rò pé igi tó fúyẹ́ ni wọ́n fi ṣe é o. Igi ash ni, ìrókò tiwa ò sì wúwo jù ú lọ. Bí wọ́n ṣe gé e tín-ín-rín, tí oríkèé kọ̀ọ̀kan sì wọnú ara wọn pinpin, ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà.

Ọgbọ́n náà kì í ṣe ti Ponti nìkan. Ní Chiavari, ìlú kékeré kan létí òkun nítòsí Genoa, Giuseppe Gaetano Descalzi ti bẹ̀rẹ̀ àga fífúyẹ́ ní 1807, àwọn káfíńtà ibẹ̀ sì ń ṣe é lọ. Iṣẹ́ wọn ni Ponti mú, tó ń fá a, tó ń fá a, títí kò fi sí ohun tó tún ṣeé yọ.

Àbùkù kan wà níbẹ̀. Àga lásán ni Ponti fẹ́, èyí tí èèyàn kàn máa jókòó lé. Lónìí, olówó ló ń rà á, ọ̀ṣọ́ ló sì fi ń ṣe.

Ṣùgbọ́n kí n tó bú olówó, ẹ gbọ́ tèmi. Nígbà tí mo kọ́lé sí Ẹrúnmu, mo kó àwọn àga onígi bàbá mi fún àwọn lébìrà, mo ra àga ńlá tí èèyàn méjì ń gbé. Tí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá wá jẹun, kò sẹ́ni tó lè sún un. Àga ike la ń kó jáde.

Ìdáhùn mi rèé: gbogbo Ẹrúnmu ló ti ń sanwó fún àga fífúyẹ́. Fífúyẹ́ ni ike fi gba ọjà lọ́wọ́ káfíńtà, kì í ṣe ẹwà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun á fi ìrókò gbìyànjú ẹyọ kan. Èmi ni màá kọ́kọ́ jókòó lé e.