Ọwọ́ Tó Gba Mànàmáná

Ẹni tó bá wọ ilé iṣẹ́ ọnà Nike ní Lekki, tó sì ń gòkè láti àjà dé àjà, kò ní ṣàìpàdé Ṣàngó. Ṣàngó inú àdìrẹ kì í jọ Ṣàngó inú igi gbígbẹ́. Èyí tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ tò kì í jọ èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè èwo ni ojúlówó nínú wọn. Bí oṣé bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, a ti mọ̀ ọ́n, ohun tó kù tí a fẹ́ wò ni bí oníṣẹ́ ọnà náà ṣe gbé e kalẹ̀. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ Lekki àti Ajah fi ń wo akọni inú ìwé kọ́míìkì nígbà tí wọ́n bá ń jiyàn lórí fóònù wọn: ta ló mọ̀ ọ́n yà jù, ta ló gbọ́ ọ yé, ta ló bà á jẹ́. Àríyànjiyàn gidi ni, mo sì fẹ́ bá wọn dá sí i.

Ororo Munroe tí gbogbo ayé ń pè ní Storm ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ọwọ́ tó ti gbé e pọ̀, àti pé ọmọ Nàìjíríà ló gba ìtàn rẹ̀ kọ ní 2024. Len Wein àti Dave Cockrum ló dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1975, nínú ìwé Giant-Size X-Men àkọ́kọ́. Ọmọ Kenya ni ìyá rẹ̀, Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni bàbá rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gbọ́ tirẹ̀, òjò ń gbọ́ tirẹ̀, mànàmáná ń bá a rìn. Yorùbá tó bá rí i kò ní béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. A ti mọ obìnrin bẹ́ẹ̀ láti Ìrá: Ọya ni.

Ẹ wo irun rẹ̀ ná. Funfun ni. Cockrum sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn kan ń bẹ̀rù pé irun funfun yóò sọ ọmọbìnrin náà di ìyá àgbà lójú àwọn òǹkàwé, ṣùgbọ́n kò gbà fún wọn. Mo dúpẹ́ pé kò gbà. Nínú àwòrán tí a fi tádà dúdú yà, ohun funfun kì í ṣe ohun tí a kùn. Bébà tí ọwọ́ ayàwòrán kò kàn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni mànàmáná: ayàwòrán á fi dúdú yí i ká, á sì fi àárín rẹ̀ sílẹ̀. Èyí ni pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní, irun Ororo àti agbára rẹ̀ ti jẹ́ ohun kan náà lójú ìwé. Gbogbo ayàwòrán tó tún gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn Cockrum ló ní láti pinnu ohun tí yóò ṣe sí funfun yẹn. Cockrum jẹ́ kó gùn, kó máa fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ. Ní 1983, Paul Smith fá ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì, ó fi ti àárín sílẹ̀ ṣánṣán, irú èyí tí àwọn onígbàjámọ̀ ń pè ní mohawk. Àwọn òǹkàwé kan bínú. Yorùbá tó bá mọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń fá orí ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba, láàfin Ọ̀yọ́ kò ní bínú. Ó mọ̀ pé bí orí bá yí padà báyìí, ipò ló yí padà.

Ọdún 1975 kan náà tí wọ́n dá Ororo sílẹ̀ ni wọ́n ya akọni mìíràn ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì kó o wá fún àwa gan-an ní Nàìjíríà. Powerman ni orúkọ rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni, ó ń fò, ó lágbára bí erin, ohun kan ṣoṣo tó lè mú un ni kí ejò bù ú jẹ. Àwọn ọ̀dọ́ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Brian Bolland àti Dave Gibbons, ni wọ́n jọ ń pín àwòrán rẹ̀ yà. Wọ́n sọ fún wọn pé kí wọ́n ya á lọ́nà tó rọrùn gan-an, àpótí bíi mẹ́fà lójú ewé kan, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí àpótí kọ̀ọ̀kan, torí wọ́n rò pé a kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ka kọ́míìkì. Bẹ́ẹ̀, nígbà yẹn, Atọ́ka ti ń jáde ní Èkó láti àwọn ọdún 1960: ìwé ìròyìn tó ń fi fọ́tò sọ ìtàn àwọn òṣèré alárìnká wa, àpótí tẹ̀ lé àpótí, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lára wọn, ní èdè Yorùbá. A mọ̀ ọ́n kà dáadáa. Síbẹ̀ mi ò kóyán iṣẹ́ Bolland àti Gibbons kéré. Ìdí Powerman ni ọwọ́ wọn ti kọ́kọ́ já gaara, kí Gibbons tó lọ ya Watchmen ní 1986, kí Bolland tó ya The Killing Joke ní 1988. Ohun tó jẹ́ kí Powerman parẹ́ lọ́kàn wa ni pé ara òde ni àìlera rẹ̀ wà. Ejò lè bu ẹnikẹ́ni jẹ. Kò sọ irú ènìyàn tí Powerman jẹ́ fún wa.

Chris Claremont ló rí ohun tó ń ṣe Ororo nínú lọ́hùn-ún. Ó gba ìtàn X-Men, ẹgbẹ́ akọni tí Ororo wà nínú rẹ̀, kọ ní 1975, kò sì gbé e sílẹ̀ títí di 1991. Ó jẹ́ ká mọ̀ pé nígbà tí Ororo wà lọ́mọdé ní Cairo, ilé wó lu òun àti àwọn òbí rẹ̀. Àwọn òbí kú, ọmọ wà lábẹ́ àlàpà pẹ̀lú òkú ìyá rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí òfurufú jẹ́ àgbàlá rẹ̀ kò lè fara da yàrá tó há. Ibi tí mo ti ń kan sáárá sí Claremont nìyí. Kò wá ọ̀tá tó lágbára ju Storm lọ. Ògiri mẹ́rin ló fi dán an wò, ó sì tó.

Ní 1984 ó tún ṣe ju ìyẹn lọ, ó gba agbára náà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Barry Windsor-Smith ló ya ìwé tó tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n pè ní Lifedeath, ó sì di ìwé tí mo máa ń kọ́kọ́ gbé fún ẹni tó bá ní kọ́míìkì kò ju ìjà lọ. Apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, obìnrin kan àti ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ nínú ilé. Obìnrin náà kò lè fò mọ́. Kò mọ̀ pé ọkùnrin tó ń tọ́jú òun, Forge, ló ṣe ìbọn tí wọ́n fi gba agbára òun. Windsor-Smith fi ìlà tín-ín-rín, ọ̀kan lórí èkejì, ya ojú àti ọwọ́ rẹ̀, débi pé ènìyàn ń rí àárẹ̀ kí ó tó ka ọ̀rọ̀. Ó rí ọwọ́ tí kò mọ ohun tí yóò ṣe mọ́, ó sì ní sùúrù láti yà á.

Nínú apá kejì ìtàn náà, ní 1985, Ororo ń fẹsẹ̀ rìn ní ilẹ̀ Áfíríkà. Aboyún kan bímọ, ọmọ kò mí. Ororo tí ìjì ń gbọ́ràn sí lẹ́nu nígbà kan kò ní afẹ́fẹ́ mìíràn mọ́ ju èyí tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró tirẹ̀ lọ. Òun náà ló fẹ́ sínú ọmọ náà títí ọmọ fi ké. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé tí ó ti fi ìjì wó ilé, tó fi àrá fọ́ irin. N kò rí èyí tí agbára rẹ̀ ti hàn tó bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1986, kò tíì rí agbára náà gbà padà tó fi bá Cyclops, akọni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, figẹ̀ wọngẹ̀ lórí ta ni yóò ṣe olórí X-Men, ó sì fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀.

Gbígba agbára lọ́wọ́ akọni kí a lè rí i dáadáa kì í ṣe àjèjì sí wa. Dúró Ládipọ̀ ṣe é fún Ṣàngó ní Òṣogbo ní 1963, nígbà tó gbé eré rẹ̀, Ọba Kò So, jáde. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, Ṣàngó dán oògùn tó fi ń pe mànàmáná wò, iná sọ̀ kalẹ̀ sórí ààfin rẹ̀, ó jó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, ìbànújẹ́ ìyẹn ló gbé e kúrò nílùú. Ládipọ̀ yan ọ̀nà mìíràn. Ọba tí kò lè kápá àwọn balógun rẹ̀ méjì, Tìmì àti Gbọ́nńkáà, ló fi hàn wá. Ọba tó ta ọgbọ́n, tí ọgbọ́n náà sì já sí i lọ́wọ́, tó fi ìbínú pa àwọn ènìyàn tirẹ̀, tí Ọya ìyàwó rẹ̀ pàápàá sì fi sílẹ̀. Àrá kọ́ ni Ládipọ̀ gbára lé kí a tó mọ̀ pé Ṣàngó tóbi, ìtìjú ni. Nígbà tí ó bá dá dúró lábẹ́ igi àyàn ní Kòso, ọba tí gbogbo wa ti ń kókìkí rẹ̀ láti kékeré ti di ọkùnrin tí kò ní ibi tí yóò lọ. Wọ́n gbé eré yìí lọ sí Berlin ní 1964, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá sì kí i káàbọ̀. Ládipọ̀ kò sọ Ṣàngó di ẹlòmíràn: oṣé wà níbẹ̀, bàtá wà níbẹ̀, Kòso wà níbẹ̀. Ohun tó yí padà ni ibi tó ní ká wò.

Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ tó gba Ororo ló mọ ibi tó yẹ ká wò. Ní 2006 wọ́n fi í fún T'Challa, ọba Wakanda, wọ́n ṣe ìgbéyàwó ńlá. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ ìwé tó tẹ̀ lé e sọ ọ́ di ìyàwó ọba lásán, ìgbéyàwó náà sì tú ká ní 2012. Ti sinimá ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Aṣọ àti irun ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò gba yàrá tó há.

Àfi ìgbà tó kan àwọn ọmọ wa. Murewa Ayodele ló ń kọ̀wé, Dotun Akande ló ń yàwòrán. Àwọn méjèèjì ni Marvel, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé Storm, gbé I Am Iron Man fún ní 2023, nígbà tí akọni náà pé 60 ọdún. Ní oṣù kẹwàá 2024, wọ́n gbé Storm fún Ayodele, pẹ̀lú Lucas Werneck tó jẹ́ ọmọ Brazil gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán. Mo dúró lórí èyí fún ìgbà díẹ̀: ẹni tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá àti ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń bọ Ọya títí dòní, ni wọ́n jọ jókòó ti obìnrin oníjì.

Ohun tí Ayodele fi bẹ̀rẹ̀ wú mi lórí. Agbára ọmọdékùnrin kan ṣàdédé jí ní Oklahoma City, ó bú gbàù, ẹ̀mí ṣòfò. Ó rọrùn láti bò ó mọ́lẹ̀, torí àwọn tí a bí pẹ̀lú irú agbára yìí ni gbogbo ènìyàn ń wá ẹ̀sùn sí lọ́rùn. Storm jáde, ó sọ òótọ́ fún gbogbo ayé pé ọ̀kan nínú tiwọn ni. Ẹ̀yìn ìyẹn la wá mọ̀ pé ìtànṣán inú ìbúgbàù náà ti wọ ọ́ lára, àìsàn sì ti dá a gúnlẹ̀. Ẹni tó lè da òjò bo odidi ìlú kò lè wo ara rẹ̀ sàn. Ayodele ti ka Claremont, ó hàn kedere, ṣùgbọ́n kò tún ìtàn rẹ̀ sọ. Claremont gba agbára, ó fi ara sílẹ̀. Ayodele fi agbára sílẹ̀, ó gba ara. Nígbà tó sì yá, tó mú ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Eegun wọ inú ìtàn, kò dà bí ẹni tó ń fi nǹkan ilé ṣe àṣehàn fún àlejò. Ikú ti wà nínú ìtàn láti ewé àkọ́kọ́. Ẹni tó bá máa bá a wá gbọ́dọ̀ ti ọ̀run wá.

Láti 2013 ni Comic Republic ti ń gbé àwọn akọni tiwa jáde láti Èkó, tí wọ́n sì fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni lè kà á, nítorí náà ọmọ Ajah tó bá fẹ́ yàwòrán lónìí kò dúró de ẹnikẹ́ni ní òkè òkun. Ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ wọn ni alẹ́ ọjọ́ Kòso nínú kọ́míìkì. Kí ẹnì kan fún un ní odidi ìwé kan, bí Windsor-Smith ṣe fún ènìyàn méjì inú ilé ní ìwé tiwọn. Kí Ọya wà níbẹ̀, kí a rí ojú rẹ̀ nígbà tó ń pinnu láti lọ. Ládipọ̀ sọ ti ọba náà fún wa. Ti obìnrin yẹn ṣì wà nílẹ̀ fún ọwọ́ tó bá lè gbé e.