Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan, Ipò Púpọ̀

Ó pẹ́ tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní gírámà Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà kan tí ó yẹ kí a tún yẹ̀ wò. Olùkọ́ yóò fa ìlà sí ojú pátákó, yóò to ọ̀rọ̀-orúkọ sí apá kan, ọ̀rọ̀-ìṣe sí apá kejì, àwọn ọmọ yóò sì kọ́ wọn sórí. “Water” bọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ. Nígbà tí ìdánwò dé, ọmọ rí “Water the flowers”, ó sì kọ ọ̀rọ̀-orúkọ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ́ ọ. A fi bírò pupa fa ìlà sí i. Ta ni ó jẹ̀bi? Èmi kò rò pé ọmọ náà ni.

Èdè abínibí rẹ̀ ni ó ń tẹ̀ lé. Lẹ́nu Yorùbá, omi kì í dá ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe: a ń pọn ọ́n, a ń bù ú, a sì ń fi í rin òdòdó. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá sì fẹ́ di orúkọ, yóò wọ ẹ̀wù mìíràn: “fẹ́” di “ìfẹ́”, “jẹ” di “jíjẹ”. Gẹ̀ẹ́sì kò béèrè ẹ̀wù. Ẹ wo alágbàfọ̀ ní Ìkọ̀tún tàbí Ẹgbẹ́dá: irin ni “iron”, áyọ́ọ̀nù ọwọ́ rẹ̀ ni “iron”, bí ó bá sì ń lọ aṣọ, “iron” náà ni.

Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, “fast” jẹ́ ààwẹ̀, ó jẹ́ kí a gbààwẹ̀, ó sì tún jẹ́ ṣinṣin. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n bá a ṣe iṣẹ́ Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, kò lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dí gbogbo ààyè wọ̀nyí. Ipò ọ̀rọ̀ nínú gbólóhùn ni atúmọ̀ èdè ní láti kọ́kọ́ mọ̀.

Àwọn kan ní irú èyí kò sí ní èdè wa rárá. N kò gbà. Nínú “aṣọ pupa”, pupa ń ṣàpèjúwe aṣọ. Nínú “pupa ni mo fẹ́”, ó ti jókòó sí ipò orúkọ. Ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ó dùn mí jù ni ti ohùn. “Record”, “present”, “object”: bí a bá tẹ ohùn mọ́ apá àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀-orúkọ ni, bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ apá kejì, ọ̀rọ̀-ìṣe ni. (Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó rí bẹ́ẹ̀, “report” kì í yí ohùn padà.) Ọmọ tí etí rẹ̀ ti ya igbá, igba àti ìgbà sọ́tọ̀ kí ó tó mọ ìwé, ṣé èyí ni yóò ṣòro fún? Síbẹ̀ ohùn kan náà ni a fi ń ka méjèèjì ní kíláàsì. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì kì í fi àmì ohùn hàn bí tiwa. Bí kò bá ti ẹnu olùkọ́ jáde, níbo ni ọmọ yóò ti gbọ́ ọ? Ìdánwò WAEC yóò sì bi í.

Olùkọ́ tí ó bá ní kíláàsì ní Ìgándò lọ́la lè kọ gbólóhùn kan péré sí pátákó: “They will present the present.” Kí ó ní kí wọ́n kà á sókè, kí ó tó béèrè orúkọ ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ kankan.