Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí Ọ̀rọ̀ Kò Dárúkọ

Ọ̀rọ̀ 32 péré ló wà nínú Rosie's Walk, ìwé aláwòrán tí Pat Hutchins, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ yàwòrán sí lọ́dún 1968. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Adìyẹ kan jáde, ó rìn yí oko ká, ó sì padà sílé lásìkò oúnjẹ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ láìrí àwòrán yóò béèrè pé kí ló wá ṣẹlẹ̀.

Ẹ wá wo àwòrán. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan ń tọ adìyẹ yìí lẹ́yìn. Ó fò kó gbé e, ó tẹ eyín réèkì mọ́lẹ̀, igi réèkì gbá a lójú. Ó tún fò, ó já sínú omi. Ìyẹ̀fun ya lé e lórí. Níkẹyìn, oyin lé e kúrò lóko. Adìyẹ ò bojú wẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ò sì dárúkọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tí mo ti kan sáárá sí Hutchins nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa ní ABD, ọ̀rọ̀ á ní ajá, àwòrán náà á ní ajá. Hutchins kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí adìyẹ mọ̀ nìkan ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mọ̀, ó kó ìyókù fún ojú. Ọmọ kékeré tí kò tíì mọ̀wé wá di ẹni tó mọ̀ ju ẹni tó ń kàwé fún un lọ, ó ń nàka, ó ń pariwo. Ẹ tún kíyè sí bó ṣe ń ṣí ojú ìwé: ojú kan ní ọ̀rọ̀ díẹ̀, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì ti wà lókè, ó fẹ́ balẹ̀. Ẹ ṣí èyí tó kàn, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, ìṣubú nìkan ni.

Ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ ni ohun tí Hutchins ṣe yìí, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ ohun kan, tí ohun mìíràn sì ń ṣẹlẹ̀. Ó wà lára ohun tí àwọn ọmọ wa ní sẹ́kọ́ńdírì ń há sórí pẹ̀lú àwítúnwí àti àfiwé, kí wọ́n lè fi dáhùn ìdánwò. Wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọn ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Olùkọ́ tó bá ní ìwé yìí lọ́wọ́ lè bo àwòrán, kó ní kí ọmọ kan ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè ketekete. Kó wá ṣí àwòrán, kó tún un kà. Lẹ́yìn náà, kó ní kí oníkálukú kọ gbólóhùn kan tó dárúkọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, kí wọ́n fi bọ àárín ìtàn, kí wọ́n sì kà á. Etí wọn á gbọ́ bí adùn ṣe kúrò níbẹ̀. Ìgbésẹ̀ kẹta yìí ni mo kà sí ẹ̀kọ́ gan-an, nítorí ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ba nǹkan jẹ́, wọ́n á sì rí ohun tó bà jẹ́.

Ìwé kan tún wà tó sún mọ́ wa ju èyí lọ: Baby Goes to Market, tó jáde lọ́dún 2017. Atinuke, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó sì ń gbé ní Wales, ló kọ ọ́. Angela Brooksbank ló yàwòrán rẹ̀. Ìyá pọnmọ lọ sọ́jà. Àwọn ọlọ́jà fún ọmọ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́fà, ó jẹ ọ̀kan, ó sọ márùn-ún sínú agbọ̀n ìyá rẹ̀. Ọsàn márùn-ún ló kàn, ó jẹ ọ̀kan, ó ku mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ni iye ń dín kù. Ìhun gbólóhùn kì í yí padà, tó fi jẹ́ pé ọmọ tó ń gbọ́ á gbà á lẹ́nu ẹni tó ń kà á, bí elégbè ṣe ń gbe orin àlọ́. Àrà tó wù mí jù ni pé ọmọ wà lẹ́yìn, agbọ̀n wà lórí, ìyá ò sì lè rí ọ̀kan nínú méjèèjì. Bí a ṣe ń gbẹ́rù tí a sì ń pọnmọ ló gbé gbogbo ìtàn náà dúró.

Ẹ̀yin olùkọ́ èdè, ẹ má fi irú ìwé báyìí sílẹ̀ fún jẹ́lé-ó-sinmi nìkan. Ẹ mú ọ̀kan wọ kíláàsì SS1, kí ẹ sì bo àwòrán rẹ̀ kí ẹ tó kà á.